Asẹ́ Omi Tí Kò Rí Ìtọ́jú, Ewu Ni Nínú Ilé

Yorùbá ní omi kò ní ọ̀tá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀tá lè gun ẹ̀yìn omi wọ inú ilé. Ọ̀tá náà kò ní ìró, kò ní àwọ̀, ojú lásán kò sì lè rí i. Ìgbẹ́ gbuuru, àrùn onígbá méjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun, inú omi àìmọ́ ni gbogbo wọn ti sábà máa ń rí ọ̀nà wọ ara ènìyàn. Ìdí nìyí tí ohun èlò tí ń sẹ́ omi fi ń wọ ilé púpọ̀ sí i lónìí, títí dé àwọn abúlé abẹ́ òkè Idáàṣà.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni orù oníke tí ó ní asẹ́ nínú, èyí tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní kàráàfù. Ọmọ tàbí ìbátan tó wà ní Cotonou tàbí ní ilẹ̀ Faransé ló sábà máa ń fi í ránṣẹ́ sílé. Èkejì ni ìkòkò amọ̀ tí wọ́n gbé sínú korobá ńlá, tí omi ń ro láti inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Méjèèjì dára. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ bá ti wọlé, iṣẹ́ ti parí, àrùn ti kógbá sílé. Èrò yìí kò tọ́, ó sì yẹ kí ó yí padà. Asẹ́ omi kì í ṣe ońdè tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri. Ohun èlò ni, bí ọkọ́ àti àdá. Ẹni tí kò bá pọ́n àdá rẹ̀, kò gbọdọ̀ dá àdá lẹ́bi bí oko bá kún.

Omi ilẹ̀ àpáta

Kèrè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn agbègbè mẹ́wàá tó wà lábẹ́ kọ́múùnù Dassa-Zoumè, ní ẹ̀ka Collines. Orúkọ ẹ̀ka náà gan-an, òkè ni ó túmọ̀ sí. Òkúta líle ló wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Omi kì í dúró nínú irú òkúta bẹ́ẹ̀, àfi níbi tí òkúta bá ti là. Nítorí náà, ènìyàn lè gbẹ́ kànga kí ó rí omi, kí aládùúgbò rẹ̀ gbẹ́ tirẹ̀ kí ó má rí nǹkan kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi kànga a máa lọ sílẹ̀, kànga mìíràn a sì gbẹ pátápátá. Ìgbà náà ni àwọn obìnrin àti ọmọdé máa ń padà sí ọ̀gọ̀dọ̀ tí màlúù àti ewúrẹ́ ń mu nínú rẹ̀. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, àgbàrá a máa gbá ìgbẹ́ ènìyàn àti ti ẹran láti ẹ̀gbẹ́ òkè wá sínú kànga tí kò ní ìdérí.

Oríṣi omi mẹ́ta ló ń wọ ilé ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀: omi ẹ̀rọ tàbí ti kànga jíjìn tí wọ́n ń fa, omi kànga tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, àti omi odò tàbí ọ̀gọ̀dọ̀. Ìtọ́jú wọn kò dọ́gba. Omi kànga jíjìn sábà máa ń mọ́ nígbà tí ó ń jáde. Ojú ọ̀nà ni ó ti ń bàjẹ́. Bídọ́ọ̀nù tí ewédò ti hù nínú rẹ̀, ọwọ́ ọmọdé tó bọ inú korobá, ife tó ti bọ́ sílẹ̀ tí wọ́n tún fi bu omi: àwọn wọ̀nyí ló ń ba omi rere jẹ́. Ilé tó ń pọn irú omi bẹ́ẹ̀ nílò ọṣẹ, kànrìnkàn àti ìdérí kí ó tó nílò asẹ́ kankan. Omi méjì yòókù ni ọ̀ràn wọn le, nítorí àrùn ti wà nínú wọn láti orísun.

Ẹ̀kọ́ tí sòbìà fi sílẹ̀

Ẹni tó bá rò pé omi sísẹ́ jẹ́ àṣà òyìnbó, kí ó bi àwọn àgbà léèrè nípa sòbìà. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n dáadáa. Aràn gígùn ni, ó lè gùn tó mítà kan. Ẹni tó bá mu omi ọ̀gọ̀dọ̀ tí kòkòrò kín-ń-kín tó gbé ọmọ sòbìà wà nínú rẹ̀, kò ní mọ nǹkan kan fún bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni aràn náà yóò lu ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde pẹ̀lú ìrora. Àgbẹ̀ tí sòbìà mú kò lè lọ sí oko, ọmọ tí ó mú kò lè lọ sí ilé ìwé. Ní 1986, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ ènìyàn ni àrùn yìí ń ṣe lọ́dún ní Áfíríkà àti ní Éṣíà.

Kò sí oògùn tó ń wò ó, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Kí ni ó wá lé e lọ? Aṣọ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti àjọ tí Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ rí, dá sílẹ̀, ń lọ láti abúlé dé abúlé. Wọ́n ń pín aṣọ asẹ́ tí ojú rẹ̀ há, wọ́n ń kọ́ àwọn ènìyàn láti fi í sẹ́ omi mímu, wọ́n sì ń sọ fún ẹni tí sòbìà ń jáde lára rẹ̀ pé kí ó má ṣe ki ẹsẹ̀ bọ omi. Ní 2004 ni wọ́n rí aláìsàn tó kẹ́yìn ní orílẹ̀-èdè Benin. Ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti parí níbẹ̀. Togo tẹ̀lé e ní 2011, Nàìjíríà ní 2013.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé ohun kékeré tó wà nínú ilé lè ṣẹ́gun àrùn ńlá, bí gbogbo ilé bá ń lò ó lójoojúmọ́. Èkejì ni pé asẹ́ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Aṣọ ń mú kòkòrò tó gbé ọmọ sòbìà, nítorí kòkòrò náà tóbi ju ojú aṣọ lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru kéré jù ú lọ púpọ̀, ó sì lè gba ojú aṣọ kọjá bí èèrà ṣe ń gba ojú àwọ̀n ẹja. Ní Bangladesh, àwọn onímọ̀ rí i pé nígbà tí àwọn obìnrin ká aṣọ àlòkù ní ìṣẹ́po mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti fi sẹ́ omi, àrùn onígbá méjì dínkù ní nǹkan bí ìdajì. Ìdajì dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Ta ni wọ́n ṣe orù oníke fún?

Ní 1966 ni Heinz Hankammer dá ilé iṣẹ́ Brita sílẹ̀ ní Jámánì. Ilé iṣẹ́ yìí wà lára àwọn tó sọ orù oníke di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ káàkiri ayé. Ibi tí omi ẹ̀rọ ti mọ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe irú orù bẹ́ẹ̀ fún. Àwọn tó ń pèsè omi níbẹ̀ ti fi klọ́ọ̀rù pa kòkòrò inú rẹ̀ kí ó tó dé ilé. Ohun tí onílé ń wá ni kí òórùn oògùn náà kúrò, kí omi náà dùn lẹ́nu, kí funfun bí ẹfun tó ń lẹ̀ mọ́ ìkòkò sì dínkù. Èédú tí wọ́n ṣe lọ́nà àkànṣe ló wà nínú asẹ́ rẹ̀. Èédú yìí ń fa òórùn mọ́ra. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe láti pa kòkòrò àrùn.

Ìwé tó bá orù náà wá sábà máa ń sọ ọ́ kedere pé omi tó ti mọ́ ni kí wọ́n dà sí i. Ṣùgbọ́n èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ìwé náà, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré bí ẹyin èèrà. Ta ni yóò kà á fún ìyàwó ilé ní Kèrè? Ibẹ̀ ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀. Omi ọ̀gọ̀dọ̀ tó gba inú orù náà kọjá lè mọ́ gaara lójú, kí àrùn sì ṣì kún inú rẹ̀. Ewu rẹ̀ tilẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó rí omi tó dọ̀tí a máa ṣọ́ra. Ẹni tó rí omi tó mọ́ gaara a gbé e fún ọmọ ọwọ́ mu láìfòyà.

Kí ni kí onílé ṣe, nígbà náà? Kí ó má ṣe ju orù náà nù. Kí ó kọ́kọ́ pa kòkòrò inú omi kí ó tó dà á sí orù. Bí omi bá dọ̀tí, kí ó jẹ́ kí ó tòrò, kí ó sì fi aṣọ mímọ́ tí ó ṣẹ́po sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà, kí ó gbé e ka iná títí yóò fi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán, kí ó sì jẹ́ kí ó tutù nínú ohun tó ní ìdérí. Bí igi ìdáná bá wọ́n, kí ó lo oògùn oníhóró bí Aquatabs. Kí ó lò ó ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ara páálí rẹ̀, kí ó sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìgbà náà ni orù yóò wá ṣe iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, ìyẹn ni kí ó mú òórùn oògùn kúrò. Ṣùgbọ́n bí òórùn oògùn ti lọ, agbára rẹ̀ náà ti lọ nìyẹn. Kí wọ́n mu omi bẹ́ẹ̀ tán lọ́jọ́ náà.

Ìpèsè àti ìtọ́jú orù

Kí ẹni tó fẹ́ pèsè orù tuntun kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Kí ó fi omi àti ọṣẹ fọ orù àti ìdérí rẹ̀, kí ó sì ṣàn wọ́n dáadáa. Kò gbọdọ̀ fi ọṣẹ kan asẹ́ fúnra rẹ̀. Asẹ́ ni kí ó rì sínú omi mímọ́ tó tutù, kí ó rọra mì í títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fi jáde. Lẹ́yìn náà ni kí ó tẹ̀ ẹ́ sí àyè rẹ̀ kí ó wọlé ṣinṣin. Bí ó bá mì ní àyè rẹ̀, omi yóò gba ẹ̀gbẹ́ kọjá láìjẹ́ pé ó rí asẹ́ rárá. Kí ó da omi méjì àkọ́kọ́ tó bá sẹ́ nù, tàbí kí ó fi bomi rin ẹ̀fọ́. Èédú kéékèèké lè wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà kẹta lọ ni kí wọ́n máa mu ún.

Ibi tó tutù tí oòrùn kò dé ni ààyè orù. Bí wọ́n bá gbé e sí ojú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń ràn, ewédò yóò hù nínú rẹ̀. Kí wọ́n máa fọ ara orù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ilé bá rin ìrìn àjò fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n da omi tó wà nínú rẹ̀ nù nígbà tí wọ́n bá dé.

Ọ̀ràn tó tóbi jù ni ti asẹ́ inú rẹ̀. Asẹ́ náà ń gbó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ṣe láti sẹ́ 100 lítà tàbí 150 lítà, wọ́n sì ní kí ènìyàn pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan. Oṣù kan yìí bá ilé àwọn méjì tàbí mẹ́ta mu. Kí olùkàwé wá ṣe ìṣirò ti ilé kan tí ènìyàn mẹ́fà ń gbé. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń mu lítà méjì ààbọ̀ lójúmọ́, lítà 15 ni lójúmọ́. Asẹ́ tó lè sẹ́ 150 lítà yóò parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 10, kì í ṣe ní oṣù kan. Lẹ́yìn èyí, èédú kò fa òórùn mọ́ra mọ́, ó sì lè di ibùgbé fún àwọn kòkòrò àìfojúrí. Asẹ́ tó ti lo ọdún kan nínú orù kì í sẹ́ omi mọ́, ńṣe ni ó ń bà á jẹ́.

Ìṣirò yìí ló yẹ kí ìbátan tó fẹ́ fi orù ránṣẹ́ kọ́kọ́ ṣe. Bí kò bá lè máa fi asẹ́ tuntun ránṣẹ́ déédéé, ẹ̀bùn rẹ̀ yóò di ẹrù fún àwọn ará ilé. Owó kan náà lè ra ìkòkò amọ̀ tí ń sẹ́ omi, tàbí kí ó ra bídọ́ọ̀nù mímọ́ àti oògùn omi tí yóò tó ilé fún ọjọ́ pípẹ́.

Amọ̀ ṣì ni baba

Ìkòkò amọ̀ ló sún mọ́ àṣà ilẹ̀ yìí jù lọ. Kí ike tó dé, àmù ni omi ilé ń gbé, ní kọ̀rọ̀ tó tutù, pẹ̀lú ìdérí lórí. Ọgbọ́n amọ̀ kan náà ni àwọn onímọ̀ gbé lárugẹ. Ní 1884, Charles Chamberland, ẹni tó bá Louis Pasteur ṣiṣẹ́ ní Paris, fi amọ̀ funfun tí wọ́n sun ṣe asẹ́ tó ń dá kòkòrò àìfojúrí dúró. Ní 1981, Fernando Mazariegos ní orílẹ̀-èdè Guatemala ṣe ìkòkò asẹ́ tí amọ̀kòkò abúlé pàápàá lè mọ. Wọ́n ń po amọ̀ mọ́ lẹ́búlẹ́bú igi tí ayùn gé, tàbí mọ́ èèpo ìrẹsì lílọ̀. Nígbà tí iná bá jó ìkòkò náà, lẹ́búlẹ́bú yóò jóná tán, ihò tó kéré jọjọ yóò sì kù sí ara ìkòkò. Ibẹ̀ ni omi ń gbà ro. Wọ́n tún ń fi oje fàdákà pa ìkòkò náà lára láti bá kòkòrò jà.

Ìkòkò yìí kò yára. Lítà kan sí mẹ́ta ni ó ń sẹ́ ní wákàtí kan. Ẹni tó bá kún un ní alẹ́ yóò rí omi mu ní òwúrọ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí omi tòrò kí wọ́n tó dà á sí i, nítorí ẹrẹ̀ ń dí ojú rẹ̀. Bí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro pẹ́pẹ́pẹ́, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi mímọ́ fọ inú ìkòkò náà, láìlo ọṣẹ. Ọṣẹ yóò wọ inú amọ̀, kò sì ní tètè jáde. Korobá ìsàlẹ̀ àti ẹnu ẹ̀rọ tí omi ń gbà jáde ni ọṣẹ wà fún. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ kan ìta ìkòkò tàbí kí ó gbé e sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, nítorí ìhà ibẹ̀ ni omi mímọ́ ń gbà jáde.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí wọ́n máa wò ó bóyá ó ti sán. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Ìkòkò tó sán, bí ó ti wù kí ó tín-ín-rín tó, ti ṣílẹ̀kùn fún àrùn nìyẹn. Bí omi tó ń lọ́ra tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé ń yára, kí onílé má ṣe yọ̀. Kí ó pààrọ̀ ìkòkò.

Ohun kan wà tí orù kàráàfù lásán, ìkòkò amọ̀, aṣọ àti iná kò lè ṣe. Omi tó ti inú àpáta wá lè gbé èròjà tó ti yòrò sínú rẹ̀, bíi flúọ́ọ̀rù tó ń ba eyín ọmọdé jẹ́ bí ó bá pọ̀ jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó má ju mílígíráàmù 1.5 lọ nínú lítà kan. Bí omi bá hó, èròjà bẹ́ẹ̀ kì í lọ. Àyẹ̀wò nìkan ló lè fi í hàn. Ó tọ́ kí àwọn ará ìlú máa béèrè èsì àyẹ̀wò kànga wọn lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ.

Ẹrù onílé, ẹrù ìjọba

Àwọn kan yóò sọ pé omi jẹ́ iṣẹ́ ìjọba. Wọn kò ṣìnà. Ní 2017, ìjọba Benin dá ANAEPMR sílẹ̀, àjọ tó ń bójú tó omi mímu ní ìgbèríko. Asẹ́ omi kò gbọdọ̀ di àwáwí fún ẹnikẹ́ni láti fi ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́ sílẹ̀ láìtún un ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń mu omi lónìí kò lè dúró de ẹ̀rọ ọ̀la. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé àwọn baba ńlá mu omi ọ̀gọ̀dọ̀, wọn kò kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n bi àwọn ìyá àgbà léèrè iye ọmọ tí wọ́n bí àti iye tí wọ́n tọ́. Ẹni tó kú ní ọmọ ọwọ́ kò sí níbẹ̀ láti jẹ́rìí.

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ń fún ará ìgbèríko ní asẹ́ omi, ì báà jẹ́ ìbátan tàbí àjọ, kí ó fún un ní ìlànà rẹ̀ ní èdè tí ó ń kà. Kí ìtọ́jú asẹ́ má ṣe jẹ́ ẹrù ìyàwó àti ọmọbìnrin nìkan. Baálé ilé tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe kò lè sọ pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń fọ orù. Ẹ̀kẹta, kí àwọn tó ti mọ̀ ọ́n kọ lo ohun tí wọ́n kọ́. Kí wọ́n lẹ bébà kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ orù tàbí ìkòkò. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí asẹ́ tuntun wọlé sí i, ọjọ́ tí wọ́n fọ̀ ọ́ kẹ́yìn, àti ọjọ́ tí wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀. Ìlà mẹ́ta péré ni.

Ìlà mẹ́ta náà kéré lójú ẹni tó ti lọ sí ilé ìwé gíga. Kò kéré rárá nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti lè kọ ọjọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà tó ń kọ́ ìwé pé kí ni yóò fi í ṣe ní ọjọ́ orí rẹ̀. Ìdáhùn náà lè wà lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, níbi tí gbogbo ọmọ ilé yóò ti máa kà á kí wọ́n tó bu omi mu.